Ẹ̀rọ Ìbàdí Mi àti Ẹjọ́ Egbò Ojúgun

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ bí mo ṣe ń fi ìdí jáàkì múlẹ̀ kí n tó tú táyà: n kò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ríìngì ni ó gé mi. Ríìngì irin tí ó ń di táyà ọkọ̀ ńlá mú mọ́ rímù rẹ̀ ni ó fò kúrò ní ipò rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ó sì la ojúgun òsì mi. Ojú mẹ́rin ni ó rí i nígbà tí ó fò. Méjì jẹ́ tèmi, méjì yòókù jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ àwa fọkanáísà. Ohun tí ojú méjì yẹn rí, tí ẹnu tó wà lábẹ́ wọn kọ̀ láti sọ, ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní Yorùbá nílé ìwé kì í fi gbólóhùn ṣeré. Ẹni tó bá kọ èyí tí kò ní ìdí, yóò tún un kọ títí apá yóò fi máa ro ó. Nítorí náà, bí mo bá ń rọra gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ibi iṣẹ́ mi wà ní Apple Junction, lábẹ́ igi fúrúùtù kan, láàrin ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Igi náà kò ga ju orúnkún lọ nígbà tí mo débẹ̀. Omi inú báàfù tí mo fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò ni mo máa ń dà sí ìdí rẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí, títí ó fi di ohun tí odidi ọkọ̀ lè dúró sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí igi yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, alága mú awakọ̀ tírélà kan wá, tí ó ń gbé ẹrù lọ sí Trade Fair. Mo ju alága lọ ní ọjọ́ orí, “Ẹ̀gbọ́n” ni ó sì máa ń pè mí, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ wa, ipò ni ó ń pàṣẹ fún irun funfun.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe kíá. Ọkùnrin yìí ti pẹ́.”

Mo ní, “Alága, ríìngì yìí kò tíì jókòó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi òòlù kàn án yí ká.”

“Ẹ fún un ní atẹ́gùn jàre. Tí atẹ́gùn bá ti wọlé, á jókòó fúnra ẹ̀.”

Mo fún un ní atẹ́gùn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ̀bi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà á: iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí ó tó mọ bí a ṣe ń di jáàkì mú, mo jẹ́ kí ó wá kọ́ mi. Ríìngì náà jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojúgun mi ni ó jókòó lé.

Ní oríta wa, kò sí ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ìyá oníbúrẹ́dì tú kápúsù aláwọ̀ méjì, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò. Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì gbé omi bíréèkì wá, ó ní kò sí kòkòrò tí kò lè pa. Agékọ́kọ́rọ́ mú ewé kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀ wá. N kò kọ ti ẹnì kankan nínú wọn, nítorí inú rere ni ó gbé wọn wá. Kí oṣù tó parí, ohun tí a ti dà sínú egbò yẹn tó èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìgbéyàwó. Ọbẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ihò náà kò dí. Ó wá di ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, alága sì dìde, ó fa ojú ro bí ẹni tí ó ń lọ sí ìsìnkú.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí láti sọ ọ́. Egbò tó bá kọ̀ tí kò jinná ní oríta, gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ dé síbí láràárọ̀, kí wọ́n tó gbálẹ̀. Wọ́n ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.”

Mo dìde. “Alága, ríìngì ńkọ́?”

“Ríìngì wo?”

Ríìngì wo! Ó bi mí ní ìbéèrè yẹn pẹ̀lú ojú tó mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí n ó fi ṣe ètùtù, kí ohun tí mo tẹ̀ má baà lé àwọn oníbàárà sá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àna alága ti so táyà rẹ̀ mọ́ ara igi fúrúùtù mi.

Ẹni tí ó gbà mí ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà nínú ọ̀kan nínú àwọn kúlóòsì Festac. Mo ti ń tọ́jú táyà Pijó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Mọ́mì ni mo sì ń pè é. Ó wá sí oríta lọ́jọ́ kan, ó bá àna alága níbẹ̀, kò sì fẹ́ràn bí ó ṣe ń di nọ́ọ̀tì. Ó béèrè mi. Ìyá oníbúrẹ́dì júwe yàrá mi ní Agboju fún un, ó sì wa Pijó náà wá bá mi.

Ó tú aṣọ tí mo fi wé ẹsẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

“Ta ló da ìyẹ̀fun sí èyí? Ṣé ẹja lo fẹ́ dín ni?”

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti dún nínú yàrá wa, mo sì gbàgbé láti bínú.

Mọ́mì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán egungun mi, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n sì ní kí n máa wá wẹ ojú egbò náà. Ìgbà náà ni Mọ́mì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú ilé rẹ̀, tí ó fa àpò dúdú kékeré kan jáde.

Ó ní, “Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ nígbà tí ojú iṣẹ́ abẹ ikùn bàbá wọn kọ̀ tí kò dí. Bàbá wọn ti jinná, ayò ni wọ́n ń ta káàkiri báyìí. Ẹ̀rọ yìí kò sì níṣẹ́ ju kó máa gba eruku lọ.”

Dókítà tó tọ́jú ẹsẹ̀ mi yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ó ní inú ìwé nìkan ni òun ti ń rí irú rẹ̀, ó sì gbà pé kí Mọ́mì lò ó fún mi, bí mo bá ti lè máa gbé ẹsẹ̀ náà wá fún òun wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ju rédíò alágbèéká kékeré lọ. Ó ní bátìrì nínú, ó ní ìgbànú tí a fi ń so ó mọ́ ìbàdí, ó sì ní okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba inú ṣòkòtò mi lọ sí ojúgun. Mọ́mì gé fóòmù dúdú kan ní ìwọ̀n ihò náà, ó fi dí i, ó lẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara bo gbogbo rẹ̀, ó sì fi ẹnu okùn náà sí ojú ihò kékeré tí ó dá sí ọ̀rá. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fóòmù náà sún kì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú. Omi egbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú okùn bọ̀ wá sínú ife kékeré kan lára ẹ̀rọ náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mọ́mì béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ti atẹ́gùn wọlé. Ẹ̀rọ tó ń fà á jáde ló wá fẹ́ wò mí sàn.”

“Ṣáà jẹ́ kó máa fà á. Tí atẹ́gùn bá ráyè gba abẹ́ ọ̀rá yìí wọlé, yóò pariwo. Tó bá pariwo, pè mí. Má fọwọ́ kàn án.”

Ẹ rántí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn náà.

Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo gba ilé Bàbá lọ nítòsí Mile 2. Bàbá ni àgbà tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni èmi àti alága ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, ó ránṣẹ́ pe alága, ó sì tẹjú mọ́ ìbàdí mi.

“Kí lèyí? Bọ́ǹbù?”

“Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ó ń fa omi egbò mi.”

“Ó ń fà á lọ síbo?”

“Sínú ife kan nínú rẹ̀.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Ó dára. Sún ọ̀hún díẹ̀, jẹ́ kí n parí oúnjẹ mi.”

Nígbà tí alága dé, Bàbá bi í léèrè ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà. Alága fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

“Bàbá, èrò pọ̀. N kò rí nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé egbò ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kì í gbọ́ èdè òyìnbó. Kí wọ́n so òpó iná mọ́ ìbàdí Ẹ̀gbọ́n, kò lè jinná láìsí ètùtù.”

“Tó bá wá jinná láìsí ètùtù ńkọ́?”

“Kò lè ṣẹlẹ̀, Bàbá.”

“Mo ní tó bá jinná.”

“Á jẹ́ pé kì í ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìyẹn.”

Bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀. “Ó parí. Ìpàdé ìparí ọdún, lábẹ́ igi náà. Tí ihò yẹn bá ti dí, Ẹ̀gbọ́n rẹ yóò gba ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ yóò sì sọ ohun tí o rí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Tí kò bá dí, kó lọ wá igi mìíràn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ó kù. Mo mú igi ìgbálẹ̀ kan, mo sì bẹ Mọ́mì pé nígbàkigbà tí ó bá fi igi tín-ín-rín tó ní òwú lórí wọn bí ihò náà ṣe jìn tó, kí ó jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ sàmì ibi tó dé sára igi ìgbálẹ̀ náà. Àmì àkọ́kọ́ jìn tó ìdajì ìka.

Mo gbádùn àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, n kò ní purọ́. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ń di ohun tí gbogbo ọkùnrin ń so mọ́ ìbàdí, tí wọ́n sì ń gbé etí ẹ̀wù sókè kí a lè rí i. Ẹ̀rọ tèmi tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Nínú ọkọ̀ dánfó kan ní Mile 2, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún nítorí bátìrì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ kan sì kígbe sí mi:

“Bàbá, ẹ gbé fóònù yín! Àbí gbèsè lẹ jẹ ẹni tó ń pè?”

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rí okùn rọ́bà náà níbi tí ó ti wọ inú ṣòkòtò mi.

“Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ tiwọn.”

“Ẹ kí wọn o, Bàbá! Ẹ ní ojúgun kí wọn!” ni kọ̀ndọ́kítọ̀ tún kígbe.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Agboju, tí ó ní jẹnẹrétọ̀, ni mo ti ń fi bátìrì náà gba iná. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ kò sọ ẹ̀rọ náà ní orúkọ mìíràn ju “ìyàwó rẹ kékeré” lọ. Ó ní kò sí ìyàwó tó tún lè so mọ́ ọkùnrin níbàdí tọ̀sán tòru tí kò ní béèrè owó ọbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin parí, àmì orí igi ìgbálẹ̀ mi ti wálẹ̀ sí ìlàjì ti àkọ́kọ́. Ìgbéraga wọ̀ mí. Ọjọ́ Sátidé kan ni Mọ́mì rin ìrìn àjò lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ náà gan-an sì ni ẹ̀rọ náà figbe ta. Kì í ṣe igbe bátìrì. Ó ń sọ pé ọ̀rá ń jò.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí fọkanáísà nìkan lè hù. Ẹnì kan sọ fún mi pé nǹkan ń jò. Kí ni mo tún ń wá? Mo po omi ọṣẹ sínú báàfù. Mo ká ṣòkòtò mi, mo sì fi omi ọṣẹ náà pa etí ọ̀rá yí ká bí mo ṣe máa ń pa ara táyà, mo wá tẹjú mọ́ ọn, mò ń retí ibi tí fóòmù ọṣẹ yóò ti máa hó. Kò hó níbì kankan. Mo fi kún ọṣẹ. Kò hó. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé atẹ́gùn táyà a máa jáde, nítorí náà ni ọṣẹ fi ń hó. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ibí yìí ń wọlé ni. Ọṣẹ tí mò ń dà ni ẹ̀rọ náà ń fà mu bí ẹni tó ń mu omi ẹ̀kọ.

Kí n tó mọ̀, ọṣẹ ti yọ ìdajì ọ̀rá náà kúrò lára awọ mi. Ẹ̀rọ ń ké, ìyàwó mi ń ké, èmi náà sì ṣe ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ogún ọdún: mo gé rọ́bà tiúbù, mo pa gáàmù sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọ̀rá náà. Ó lẹ̀ dáadáa! Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo wo ìyàwó mi, mo ní, “Ṣé o rí iṣẹ́ ọwọ́?”

Ọjọ́ Ajé ni Mọ́mì dé. Nígbà tí ó fi máa ká ṣòkòtò mi sókè, gáàmù ti bó awọ abẹ́ rẹ̀, ó ti lé roro.

Kò bú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó jókòó ná.

“Wò mí dáadáa. Ṣé o rí fáàfù lára ẹsẹ̀ yìí?”

“Rárá, Mọ́mì.”

“Ṣé mo ní kí o wá fún un ní atẹ́gùn?”

“Rárá, mà.”

“Kí ni mo sọ fún ẹ?”

“Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

“Ṣé ọwọ́ lo fi kàn án?”

Mo gbìyànjú láti sọ pé búrọ́ọ̀ṣì gáàmù ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a kò fi lè so ẹ̀rọ náà, nítorí kò sí awọ tó dá ṣáṣá tí ọ̀rá lè lẹ̀ mọ́. Àmì orí igi ìgbálẹ̀ dúró lójú kan. Mo jókòó sí Agboju, mo ń ka ọjọ́ tó kù, mo sì ń gbọ́ lẹ́nu ìyá oníbúrẹ́dì pé àna alága ti ń kan tábìlì onípákó tuntun sí abẹ́ igi mi. Ìwà tèmi ni mo rò pé yóò gba igi náà lọ́wọ́ mi nígbẹ̀yìn, kì í ṣe irọ́ alága. Ìyẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Nígbà tí Mọ́mì tún so ẹ̀rọ náà padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo ní kí ó pa fáànù, kí ó ti fèrèsé, kí gbogbo ilé dákẹ́. Mo tẹ orí mi wálẹ̀ títí etí mi fi súnmọ́ ojúgun. Fọkanáísà tó bá gbówọ́ máa ń gbọ́ táyà kí ó tó fi ọṣẹ sí i.

“Ìsàlẹ̀ yẹn, Mọ́mì, ní apá ìka kékeré ẹsẹ̀. Ó ń ṣe ṣíì.”

Mọ́mì fi ìka tẹ ibẹ̀. Ṣíì náà dákẹ́. Ó fi ọ̀rá tuntun lé e.

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ni ó wí. “Etí ẹ dára ju ọwọ́ ẹ lọ.”

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá lẹ ọ̀rá tán, yóò pa fáànù, yóò sì ní, “Ó yá, gbọ́ ọ.” Ẹ̀rọ náà kò figbe ta mọ́. Àmì tún ń wálẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹran ti kún ihò náà dé ojú, Mọ́mì tú ẹ̀rọ náà kúrò, ó ní bándéèjì lásán ni yóò parí èyí tó kù. Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi títí ọjọ́ mẹ́ta, mò ń wá a. Ìyàwó mi ní òun kò rí opó ọkùnrin rí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo ẹgbẹ́ pé sábẹ́ igi fúrúùtù. Àna alága jókòó lórí tábìlì rẹ̀ tuntun. Bàbá ní kí n ká ṣòkòtò mi. Awọ tuntun ti bo ojúgun mi, ó ń dán bí tiúbù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ní kí n fò. Mo fò.

“Alága, ó kù sí ọwọ́ rẹ. Sọ ohun tí o rí.”

Alága dìde, ó ṣí fìlà. “Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó wo Ẹ̀gbọ́n sàn! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run!”

Ta ni yóò kọ̀ láti pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run? Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan dá orin, nígbà tí orin yóò fi parí, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹlẹ́rìndòdò. Àna rẹ̀ gbé tábìlì rẹ̀ kúrò. Mo gba igi mi padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a dá lẹ́jọ́ jẹ́ méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì gbà. Àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé èkejì. Bẹ́ẹ̀, títí di ìgbà náà, àwọn oníbàárà kan ṣì ń sọdá sí òdìkejì títì bí wọ́n bá rí mi, nítorí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé mo tẹ nǹkan.

Ó tó bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí alága tún mú awakọ̀ tírélà kan wá. Ìyá oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, agékọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mo ti fi ríìngì sí àyè rẹ̀, mo mú ẹnu okùn atẹ́gùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alága sún sẹ́yìn, ó sún sẹ́yìn gan-an, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ búrẹ́dì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù kàn án. Kó má tún lọ fò bíi tọjọ́sí.”

Mo gbé ẹnu okùn náà sílẹ̀. Mo dìde dúró.

“Alága, kí ni kó má tún lọ fò?”

Ó fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí.

“Ríìngì ni, àbí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí ti pẹ́.”

“Lọ́jọ́sí tó fò, ta ló lù?”

Ó wo títì. Ó wo awakọ̀. Ó wo ìyá oníbúrẹ́dì, ẹni tí ó ti dá ọwọ́ títa dúró, tí ó sì ń retí ìdáhùn.

“Ẹ̀yin ni,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ló lù.”

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni ìyá oníbúrẹ́dì dáhùn. “Gbogbo oríta ló gbọ́.”

Mo mú òòlù mi, mo sì fi ara balẹ̀ kan ríìngì náà yí ká kí n tó fún un ní atẹ́gùn.